Alága tí Àbújá Ń Pè

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Olóyè Simeon Akóredé Adéníran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ná, kí gbogbo wa lè jọ rẹ́rìn-ín pọ̀.

Olóyè yìí ni Alága Àjọ Tí Ń Rí sí Ẹwà Ìlú, Ìmọ́tótó Gbogboogbò àti Ìwà Bó Ṣe Yẹ. Orúkọ àjọ náà gùn débi pé nígbà tí wọ́n gbé pátákó rẹ̀ kọ́ sára ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó, ó bo fèrèsé méjì. Àwọn akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé wọ̀nyẹn kò rí oòrùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Iṣẹ́ tí àjọ náà ń ṣe gan-an, n kò lè sọ fún yín. Èmi náà lọ bi wọ́n, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà wá. Ohun tí a mọ̀ ni pé láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí lọ dé etí omi ní Ògùn Wọ́tásáìdì, kò sẹ́ni tó lè ṣí kànga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù agérun tuntun láìjẹ́ pé Alága wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ni wàhálà. Wákàtí mẹ́ta ni Alága fi ń sọ̀rọ̀, bó bá sì jẹ́ ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá, á fi ààbọ̀ kún un. Bó bá ti dìde báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn, nítorí ó ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò lórí ìjókòó bí Alága bá ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" Ó sọ èyí níbi tí wọ́n ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù agérun kan ní Awa. "Ẹ̀yin ènìyàn àwọn ènìyàn mi! Àti ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ̀ pé ènìyàn mi ni yín! Kí ni ilé agérun? Irun ni. Kí ni irun? Orí ni. Ta wá ni orí yín?"

"Ẹ̀yin ni, Alága!" Titus ló dáhùn. Titus Ọ̀rẹ́dọlá ni akọ̀wé àgbà àjọ náà, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń pàtẹ́wọ́ kí gbólóhùn tó parí, kí ẹlòmíì má baà ṣáájú rẹ̀.

Ìpinnu Alága kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kun gbogbo òkúta ẹ̀bá ọ̀nà ní funfun. Nígbà tí òjò fọ̀ ọ́ dànù, ó kọ lẹ́tà ìkìlọ̀, wọn kò sì mọ ẹni tí wọn yóò fi lé lọ́wọ́. Ó pàṣẹ kí àwọn ewúrẹ́ Mamu má sọdá títì mọ́ bí mọ́tò rẹ̀ bá ń bọ̀. Èyí tó sì fi ń yangàn jù lọ ni Òfin Kejìlá: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá tó ń tọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, sára ògiri tàbí sínú igbó, àwọn agbófinró àjọ tí wọ́n ń wọ yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ọsàn yóò gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn tí wọ́n kọ "Èmi ni mo tọ̀ ọ́" sí, yóò sì fi rìn yí gáréèjì ká lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ènìyàn tí kò lè kó ìtọ̀ ara rẹ̀ níjàánu," ni Alága wí lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí òfin náà, "kò lè kó nǹkankan níjàánu láyé yìí."

Titus pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Olóyè pé nígbà tí ìtọ̀ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìgbọràn.

Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó jí lẹ́ẹ̀kan lóru, ó di ẹ̀ẹ̀mejì, ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bó bá dúró síwájú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, yóò dúró, yóò dúró, nǹkankan kò ní í jáde. Bó bá sì ń jáde, á dà bí omi ẹ̀rọ ìjọba: á kán díẹ̀, á dáwọ́ dúró, á tún kán díẹ̀. Ìgbà tó bá di sòkòtò rẹ̀ tán ni ìyókù máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun náà fẹ́ jáde. Olóyè kọ́kọ́ rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ó ní bóyá ìtọ̀ ẹni ńlá kì í jáde láìtẹ̀lé ètò.

Ìyàwó rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò rò bẹ́ẹ̀.

"Bàbá Ọmọ́táyọ̀, ẹ lọ rí dókítà."

"Nítorí ìtọ̀? Rẹ̀mílẹ́kún! Ká ní ọkàn ni, ǹ bá ti lọ. Àìsàn ọkàn bá ipò mi mu. Ta ni wọ́n ti sọ òpópónà lórúkọ rẹ̀ rí tó jẹ́ pé ìtọ̀ ló yọ ọ́ lẹ́nu?"

"Òpópónà wo ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ yín sọ?"

Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n Olóyè, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ tú síta ni ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ní Àgọ́-Ìwòyè, nítòsí yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Alága ti sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kò tíì kúrò lórí ìtàn ìwé àti yíǹkì, nígbà tí àpòòtọ̀ rẹ̀ pè é lórúkọ. Òógùn bò ó. Ó pa ẹsẹ̀ pọ̀. Ó tún sọ gbólóhùn kan, kò mọ ohun tó sọ. Bí ó ṣe fẹ́ sáré jáde ló rántí pé òun ló ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má dìde. Ó wá nǹkan tí yóò sọ títí, ó fi ọwọ́ kan fóònù rẹ̀ nínú àpò agbádá. Fóònù náà ti kú láti àárọ̀. Ó fà á yọ, ó gbé e sétí.

"Àbújá ni," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún Titus.

"Ẹ dìde!" Titus fò sókè. "Ẹ dìde, gbogbo yín! Àbújá ń pe Alága!"

Gbogbo ènìyàn dìde. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí Alága ṣe ń fi ìgbésẹ̀ kúkúrú kúkúrú jáde lọ, tó gbé fóònù òkú mọ́ etí, tó ń wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Mò ń bọ̀, Ọ̀gá. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi, Ọ̀gá." Lóòótọ́, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kò ní sùúrù.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló lò lẹ́yìn ilé. Nígbà tó padà dé, Titus tẹ ara síwájú.

"Báwo ni Àbújá, sà?"

"Ó ń jáde díẹ̀díẹ̀," ni Alága fi dá a lóhùn, ó ń nu iwájú orí.

Titus kọjú sí àwọn èrò. "Alága ní nǹkan rere ń jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti Àbújá!"

Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà pọ̀ ju èyí tí Alága ti gbà láti ìgbà tó ti gbapò. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń kó sí wàhálà. Ká ní wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ì bá ti lọ rí dókítà lọ́jọ́ kejì.

Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí Alága lọ tí Àbújá kò pè é. Ní Awa, Àbújá pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ní Mamu, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún níbi tí wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn àlejò pàtàkì lásán. Titus ra ìwé kan tó ń kọ àwọn ìpè náà sí. Àwọn ènìyàn ń gbé lẹ́tà wá pé kí Alága bá wọn fi ti afárá wọn síbẹ̀ bí Àbújá bá tún pè. Obìnrin arúgbó kan tó ń dáko lọ́nà Mamu wá fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ wẹ́n ńlẹ̀ o, Alága. Bí wọ́n bá tún pè yín, ẹ bá mi bi wọ́n pé kí ló dé tí ata fi wọ́n." Olóyè ṣèlérí fún un.

Nílé, ó ń dá ara rẹ̀ wò. Ó kọ́kọ́ dẹ́kun omi mímu, ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹnu rẹ̀ gbẹ bí pákó. Ó wá ra ìgò àgbo kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń polówó nínú mọ́tò, èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn ríro, gbèsè àti ìtọ̀. Inú rẹ̀ ṣí lọ́jọ́ mẹ́ta. Ìtọ̀ dúró síbi tó wà.

Ẹni tí kò pàtẹ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí wà ní Abẹ́òkúta. Àlùhájì Fuad ni, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ẹgbẹ́. Òun ló fi Simeon sípò. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ ẹ̀yìn òun ń bá Àbújá sọ̀rọ̀ ní ogún ìṣẹ́jú-ogún ìṣẹ́jú, tí Àbújá kò sì pe òun láti ọdún Iléyá tó kọjá, oorun dá lójú rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè é.

"Simeon, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ ní Àbújá?"

"Àwọn ènìyàn ni, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?"

"Kò dọ́gba, Bàbá. Bí ara bá tutù, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún."

Bàbá Ẹgbẹ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ló kan òtútù nínú ọ̀rọ̀ Àbújá?"

Simeon ń wo ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù tí ì bá fi gba ara rẹ̀ là: Bàbá, ìtọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rò ó wò: bí wọ́n bá gbọ́ ọ, àwọn ọ̀tá máa fi òun rẹ́rìn-ín, Titus á gbọ́, àwọn agbófinró aláwọ̀ ọsàn á gbọ́. Ó gbé e mì.

"Mi ò lè sọ ọ́, Bàbá," ó wí. "Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni."

Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn, ṣùgbọ́n Bàbá Ẹgbẹ́ gbà á sí ibòmíì. Kó tó lè dáhùn, Simeon ti dìde, ó ti gbé fóònù sétí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, wọ́n tún ń pè."

"Nínú pálọ̀ mi?"

Simeon ti jáde.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ṣíṣí èbúté tuntun ní Ìwòpin. Bàbá Ẹgbẹ́ ní òun fúnra òun ń bọ̀, òun fẹ́ kí àwọn èèkàn ẹgbẹ́ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n fi wákàtí kan yí ọ̀sà ká. Simeon mọ̀ pé ìdánwò ni. Láti fi kún un, ọ̀fìnkìn mú un lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Ó ra oògùn ọ̀fìnkìn ní kẹ́míìsì, ó sì ń lò ó ní méjì-méjì kí imú rẹ̀ má baà dà lójú èrò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó tiraka nílé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹ̀kán mẹ́ta. Ó kà wọ́n.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀, ọkùnrin kan gbé abọ́ ike kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ẹgbẹ́ ní kí kálukú fi fóònù rẹ̀ síbẹ̀, kí omi má baà bà á jẹ́. Ó fi tirẹ̀ sínú abọ́ lójú gbogbo wọn, ó sì ń wo Simeon. Simeon fi tirẹ̀ sí i. Wọ́n gbé abọ́ náà sí ẹsẹ̀ Bàbá Ẹgbẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tíì pé lórí omi tí ikùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi le bí àgbọn. Omi níwájú, omi lẹ́yìn, omi ń ta sí i lójú, gbogbo ayé ni ó ń tọ̀ àfi òun. Ó fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ó kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sínú. Nígbà tó yá, n kò mọ ohun tó gba orí rẹ̀, ó ká ìwé ètò ayẹyẹ róbóróbó, ó gbé e sétí.

"Ẹ ǹlẹ́ o," ó wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Àbújá ni," ó sọ fún àwọn tó yí i ká.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Simeon," Bàbá Ẹgbẹ́ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "fóònù rẹ wà lẹ́sẹ̀ mi níbí."

Titus, tó jókòó lẹ́yìn wọn, gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́. Ó wo ojú Bàbá Ẹgbẹ́, ó sì fi ọwọ́ náà nu ẹnu.

Bí ọkọ̀ ṣe kan èbúté padà, Simeon fò bọ́ sílẹ̀. Ó ká agbádá lé èjìká, ó la àwọn akọrin tó wá kí wọn káàbọ̀ kọjá, ó wọ inú igbó kékeré kan lẹ́yìn àgọ́ ayẹyẹ. Ó tú okùn sòkòtò. Ó dúró. Ó gbàdúrà. Nǹkankan kò jáde.

"Ẹ máa wò ó! Ẹ dúró bẹ́ẹ̀!"

Àbíkẹ́ ni, agbófinró tó le jù nínú gbogbo àwọn aláwọ̀ ọsàn, ẹni tó ti fi Òfin Kejìlá mú àbúrò bàbá ara rẹ̀ rí, tí Alága sì fi ìwé ẹ̀yẹ dá a lọ́lá. Pátákó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹni náà yíjú padà, ẹnu Àbíkẹ́ là sílẹ̀.

"Alága?"

"Mi ò ṣe nǹkankan!" Alága kígbe.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀yin lẹ ní a ò gbọdọ̀ wojú ẹnikẹ́ni…"

"Wo ilẹ̀! Àbíkẹ́, fi ọwọ́ kàn án! Ilẹ̀ gbẹ! Ẹ̀kán kan kò bọ́!"

Àwọn èrò ti dé, Bàbá Ẹgbẹ́ ti dé, àwọn akọrin pàápàá ti dé. Àbíkẹ́, nítorí pé olóòótọ́ òṣìṣẹ́ ni, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ewéko.

"Ó gbẹ lóòótọ́," ó wí.

"Ẹ ti gbọ́ ọ!" ni Alága wí, ó fi ọwọ́ kan di sòkòtò mú, ó na èkejì sókè bí ẹni tó ń wàásù. "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ̀yin ènìyàn àwọn ènìyàn…"

Ìrora náà gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ká kò, ó wó lé Àbíkẹ́ lórí.

Rẹ̀mílẹ́kún, tó bá ọkọ rẹ̀ wá síbi ayẹyẹ, ló la èrò kọjá. Òun àti Mùbàṣírù, awakọ̀ Alága, ló gbé e sínú mọ́tò. Wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí ìyàwó mọ dókítà ibẹ̀. Kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà. Alága mọ gbogbo wọn, nítorí òun ló ní kí wọ́n kun etí wọn ní funfun dípò kí wọ́n dí wọn.

"Mùbàṣírù, rọra!"

"Mò ń rọra, sà."

"Mùbàṣírù, sáré!"

"Èwo ni kí n ṣe, sà?"

"Ṣe méjèèjì!"

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì mú bírò. "Orúkọ yín, Bàbá?"

"Olóyè… Ẹnjiníà… Simeon… Alága Àjọ Tí Ń Rí sí Ẹwà Ìlú…"

"Ó ti tó," ohùn kan sọ láti ẹnu ọ̀nà. Dókítà Ìtùnúolúwa ni, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí Rẹ̀mílẹ́kún kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Bàbá, ìtọ̀ yín ni mo fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ kí oyè sinmi. Ìgbà wo lẹ tọ̀ kẹ́yìn?"

"Àná," ni Alága wí. Omi ń dà lójú rẹ̀.

Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú ara rẹ̀ wọ inú àpòòtọ̀. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ó ń dà, ó sì ń dà, lítà kan àti ààbọ̀. Alága dì mọ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ó ń sunkún ayọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ó ní kí wọ́n fún nọ́ọ̀sì náà ní ìwé ẹ̀yẹ.

Lẹ́yìn èyí, Dókítà wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ní kí Alága fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kó ká orúnkún sáyà. N kò ní í ròyìn ìyókù. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé láàárín ìgbà díẹ̀ yẹn, Alága kò rántí oyè rẹ̀ kankan.

"Kókó kan wà lábẹ́ àpòòtọ̀ gbogbo ọkùnrin," Dókítà ṣàlàyé nígbà tó jókòó. "Pírósítéètì ni wọ́n ń pè é. Àárín rẹ̀ ni ìtọ̀ ń gbà kọjá. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó máa ń wú, á wá fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Tiyín ti wú dáadáa. Oògùn ọ̀fìnkìn tí ẹ lò ló wá tì í pa pátápátá. Bí ẹ bá tún fi falẹ̀ sí i, ìtọ̀ á padà sẹ́yìn, á ba kíndìnrín yín jẹ́."

"Ṣé jẹjẹrẹ ni?" Rẹ̀mílẹ́kún bi í.

"Kò jọ ọ́, Ma. Wíwú lásán yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ. A ṣì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a máa ṣe skáànù, kí ó lè dá wa lójú."

"Ṣé irú rẹ̀ wọ́pọ̀?" Alága bi í.

"Bí ẹ bá rí ọkùnrin méjì tó ti pé ọgọ́ta ọdún, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní i."

Inú Alága bàjẹ́ díẹ̀. Ó ti ń retí àìsàn tó ṣọ̀wọ́n.

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ní ìpele. Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì le, a lè máa wò ó láìfún un ní oògùn. Á dín tíì, kọfí àti ọtí kù, á dẹ́kun omi mímu bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àmọ́ kò ní í fi òùngbẹ pa ara rẹ̀ lọ́sàn-án bí ẹ ṣe ṣe. Bó bá tọ̀ tán, kó dúró díẹ̀, kó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn kan wà tó ń dẹ ẹran ọrùn àpòòtọ̀, ó ń yára ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè mú kí òòyì kọ́ni béèyàn bá dìde lójijì. Òmíì wà tó ń mú kí kókó náà súnkì. Ìyẹn ń pẹ́, ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó sì lè dín agbára ọkùnrin kù. Bí oògùn kò bá ràn án, iṣẹ́ abẹ ni. A ò ní í la ikùn. A máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé, a máa fi gé èyí tó dí i."

Alága ronú lé e lórí. Ó na ọrùn.

"Èwo ni ti àwọn alága nínú rẹ̀?"

"Pírósítéètì kò mọ alága, Bàbá."

Rẹ̀mílẹ́kún yíjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà dé láti Abẹ́òkúta. Wọ́n ti yọ Olóyè nípò nítorí "ìjíròrò ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú Àbújá láìgba àṣẹ." Wọ́n fi Titus sípò rẹ̀. Titus fúnra rẹ̀ ló fi ìwé tó kọ àwọn ìpè náà sí ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí: ìpè ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ó lé mọ́kànlá, pẹ̀lú ọjọ́ àti àsìkò.

"Ẹ lọ sọ òótọ́ fún Bàbá Ẹgbẹ́," Rẹ̀mílẹ́kún wí.

"Kí n lọ sọ pé ìtọ̀ ni?"

"Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè yín báyìí. Ṣé ìyẹn ló dùn gbọ́?"

Ọjọ́ méjì ló fi rò ó. Ó ń wo ògiri, ó ń wo àpò ìtọ̀ tí wọ́n so mọ́ itan rẹ̀, ó sì rí i pé láti oṣù mẹ́jọ, òun kò sùn, òun kò gbádùn oúnjẹ, òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ń bá òun sọ, nítorí pé etí òun ń bẹ lọ́dọ̀ àpòòtọ̀. Ó wọ agbádá, ó ní kí Mùbàṣírù wa òun lọ.

"Bàbá, ìtọ̀ ni," ó wí bó ṣe wọlé, kí ọkàn rẹ̀ má baà yí padà.

Bàbá Ẹgbẹ́ kò gbà á gbọ́, àfìgbà tó gbé agbádá sókè. Bàbá Ẹgbẹ́ wo àpò náà, ó wo rọ́bà, ó ní, "Subuhánalláhì." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mo gbà ọ́ gbọ́, Simeon. Ṣùgbọ́n n kò ní í dá ọ padà. Mo bi ọ́ níbí, èmi àti ìwọ nìkan. O yàn kí n máa pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀ ju kí o sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́ lọ. Tí ọ̀nà bá bàjẹ́ lọ́hùn-ún, ṣé ìwọ lo máa sọ fún mi?"

Simeon kí i, ó sì padà sílé.

Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n yọ rọ́bà kúrò, kò rí i tọ̀. Wọ́n tún fi sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn ńlá. Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n fún ọjọ́ díẹ̀, ó ta á fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan tó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó gbọ́ ariwo kan tí kò gbọ́ láti nǹkan bí ọdún kan. Ó pe Rẹ̀mílẹ́kún kó wá gbọ́ ọ. Rẹ̀mílẹ́kún ní òun ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná.

Ẹ má rò pé ìgbéraga rẹ̀ kúrò tán o. Ní ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn, ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé pírósítéètì òun tóbi ju ti gbogbo ọkùnrin agbègbè náà lọ, Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọkùnrin mẹ́fà dúró dè é lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n ń fi ohùn ìsàlẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀, ó sì dá gbogbo wọn lóhùn.

Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn èyí, lọ́sàn-án, mọ́tò àjọ dúró síwájú ilé rẹ̀. Titus ló bọ́ sílẹ̀, òun nìkan. Ó ti sanra sí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Rẹ̀mílẹ́kún gbé omi wá, kò fẹnu kàn án.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà," ó wí. "Mo ní ọ̀rẹ́ kan."

"Hẹ̀n-ẹ́n."

"Ọ̀rẹ́ mi yìí, ó máa ń jí lẹ́ẹ̀mẹfà lóru. Ó ní kí n bá òun béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ yẹn dunni."

Simeon wò ó. Ó ní ọ̀rọ̀ tó tó wákàtí mẹ́ta láti sọ fún ọkùnrin yìí. Ó ti ń tò ó sílẹ̀ láti ọdún kan. Ó la ẹnu. Ó wá rí bí Titus ṣe pa orúnkún méjèèjì pọ̀, bí ó ṣe di ọwọ́ àga mú, tí òógùn ń ṣàn létí rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, Titus, ṣé ó lè rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi?"

Titus tẹjú mọ́lẹ̀. "Ó lè rìn dé ibẹ̀, sà."

"Ilẹ̀kùn kejì lọ́wọ́ òsì. Kó má kánjú. Bó bá ṣe tán, èmi àti ìwọ jọ ń lọ sọ́dọ̀ Dókítà."

Wọ́n lọ. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn aláìsàn yòókù. Nígbà tó kàn wọ́n, nọ́ọ̀sì gbé bírò, ó kọ orúkọ Titus sílẹ̀, ó sì gbé ojú sókè sí bàbá tó dúró tì í.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Kí ni kí n kọ pé ẹ jẹ́ sí wọn?"

Simeon ṣí fìlà lórí, ó fi mọ́ àyà.

"Kọ ọ̀rẹ́," ó wí. "Èmi ni ọ̀rẹ́ náà."